Ọ̀dà Tí Oyèníran Kò Ha

Ọ̀rọ̀ kan ti wà lábẹ́ ahọ́n Oyèníran Akínyẹlé fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó ń bá a jẹun, ó ń bá a sùn, ó ń bá a lọ sí ìsìn. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù tó kọjá, ó sọ ọ́ síta lójú gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní yáàdì mẹkáníìkì tó wà láàárín Àgùdà àti Iganmu. Ẹnikẹ́ni kò mú un, ẹnikẹ́ni kò tú u fó. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí Alága Habeeb pe ìpàdé, òun náà ló sì ní kí wọ́n gbé àga kan kalẹ̀ fún Jọmílójú, ọmọ Benjamin oníbátìrì tó ti di olóògbé. Nígbà tí gbogbo ènìyàn jókòó tán, ó di apá àga tirẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí mo bá kú láìsọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, orúkọ ẹlòmíràn ni ẹ ó máa fi pe ẹ̀ṣẹ̀ mi."

Ẹni tí kò bá mọ Oyèníran tẹ́lẹ̀ kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Rìwáyà ni, ìyẹn àwọn tó ń tún iná mọ́tò ṣe, ó sì ti tó ogójì ọdún tó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Surulere ló ti hu ewú. Bí mọ́tò bá ń ṣe ségesège, tó bá gbé lónìí tí kò gbé lọ́la, tí àwọn rìwáyà yòókù bá ti káwọ́ lérí, òun ni wọ́n máa ń gbé e wá bá. Bàbá Tẹ́sítà ni wọ́n ń pè é, nítorí iná kékeré tí wọ́n fi ń yẹ wáyà wò, tí kì í kúrò ní àpò àyà rẹ̀. Ó fẹ́ràn orúkọ náà ju bó ti yẹ lọ. Ó máa ń fọ́nnu pé kò sí mọ́tò tó lè parọ́ fún òun, àti pé láti ọjọ́ tí òun ti gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá òun, kò tíì sí oníbàárà tí òun sọ fún pé òun ò mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò rẹ̀. Òótọ́ ni, kò sọ ọ́ rí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó mú un sọ̀rọ̀ kì í ṣe wòlíì, kì í sì í ṣe àlá. Ọkàn rẹ̀ ló ń dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkàn náà lè ṣe déédéé fún ọjọ́ mẹ́wàá, kó wá ṣàdédé máa sáré, tàbí kó dákẹ́ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó ń ṣe, òòyì á kọ́ ọ, á sì ṣubú lulẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá dé ilé ìwòsàn, ara á ti balẹ̀. Dókítà kan tó ń jẹ́ Jennifer, tí kò dàgbà ju Débọ̀ ọmọ rẹ̀ lọ, lẹ wáyà mọ́ àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó wo bébà tó jáde, ó mi orí, ó wá wo ojú rẹ̀ tààrà. Ó ní, "Bàbá, mi ò tíì mọ ohun tó ń ṣe yín. Ẹ jẹ́ kí n tún wò ó." Kò tijú, kò wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Oyèníran bú sẹ́kún lórí bẹ́ẹ̀dì, dókítà sì rò pé ẹ̀rù ikú ló ń bà á. Ní ìgbẹ̀yìn, dókítà náà rí ohun tó ń ṣe é. Ohun tó rí kò dára, ọjọ́ tó sì kù kò pọ̀.

Ìtàn tó sọ fún wọn nìyí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Benjamin. Àdúgbò kan náà ni wọ́n ti dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ kan náà ló sì gbé wọn wá sí Èkó. Benjamin ló ń fi iná sí bátìrì ní yáàdì. Ìsọ̀ rẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ti Oyèníran, abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án. Bí inú bá ń bí Oyèníran sí oníbàárà, Benjamin ni yóò bá a rẹ́rìn-ín títí ìbínú náà á fi rọ̀.

Nígbà náà, nọ́ọ̀sì kan wà ní Àgùdà tó ń jẹ́ Moyọ̀sọ́lá, ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ìlúpéjú ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan fi ọkọ̀ gbá iwájú mọ́tò rẹ̀. Wọ́n na irin rẹ̀, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ eérú, ó wá ku Oyèníran tí yóò to gbogbo wáyà rẹ̀ padà. Nínú wáyà wọ̀nyí, dúdú kan wà tó máa ń ti orí bátìrì lọ bá irin ara mọ́tò. Ẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Irin tí kò ní ọ̀dà lára ni wọ́n máa ń dè é mọ́, nítorí iná kì í gba inú ọ̀dà kọjá. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun mọ́tò, rìwáyà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ha ojú ibẹ̀ títí irin yóò fi funfun. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì mọ èyí. Ṣùgbọ́n òjò ti ṣú lọ́jọ́ náà, ilé ẹ̀kọ́ Débọ̀ ń pín ẹ̀bùn, ọmọ náà ti gba ipò kìíní, bàbá rẹ̀ sì ń kánjú kó má baà pẹ́ dé ibẹ̀. Ó ki bọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́, ó fún un pinpin. Benjamin, tó gbé bátìrì dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní, "Níran, o ò ha ọ̀dà ibẹ̀ yẹn o." Oyèníran bi í pé ṣé oníbátìrì ló fẹ́ wá kọ́ rìwáyà níṣẹ́. Benjamin rẹ́rìn-ín, ó gbé bátìrì sí àyè rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò gbé.

Oṣù mẹ́rin kọjá kí wàhálà tó dé. Òjò pọ̀ lọ́dún náà, ìpẹtà sì rọra wọ ẹnu bọ́ọ̀tì, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀tì yẹn nìkan ni iná ń gbà kọjá. Mọ́tò Moyọ̀sọ́lá wá di aláfojúdi. Lọ́jọ́ kan, á gbé bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Lọ́jọ́ kejì, á dún "tá" lẹ́ẹ̀kan péré, iná iwájú rẹ̀ á ṣe bàìbàì, á sì dákẹ́. Bí nọ́ọ̀sì bá wá ọ̀nà gbé e dé yáàdì, nǹkan kan ò ní ṣe é mọ́. Oyèníran yọ fíúsì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi tẹ́sítà yẹ wáyà rẹ̀ wò láti iwájú dé búùtù, ó jókòó tì í láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ pé kó ṣe ohun tó ń ṣe kí òun rí i. Kò ṣe é. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ibì kan ṣoṣo ni kò yẹ̀ wò nínú mọ́tò náà, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló dè é. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Ó ní kí nọ́ọ̀sì ra bátìrì tuntun. Obìnrin náà rà á, Benjamin fi iná sí i, wọ́n gbé e sínú mọ́tò. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, mọ́tò kú sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí nígbà tí wọ́n fẹ́ fi gbé aboyún kan lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ọkọ̀ àjèjì kan ni wọ́n dá dúró fún un. Moyọ̀sọ́lá wá sí yáàdì, kò pariwo, ó kàn sọ ọ́ fún wọn, ó sì béèrè pé kí ni kí òun ṣe. Gbogbo ojú yí sí Bàbá Tẹ́sítà. Ìgbà yẹn ló yẹ kó sọ pé òun ò tíì mọ̀ ọ́n. Dípò bẹ́ẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá orí bátìrì náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá eléyìí gan-an kọ́ ni wọ́n rà, pé láyé ìsinsìnyí, bátìrì ń yí padà láàárín ìsọ̀ àti mọ́tò. Ó jẹ́wọ́ fún wọn pé nígbà tí òun sọ ọ́, bí àwàdà lásán ni. Ṣùgbọ́n bó ti sọ ọ́ tán, gbogbo ojú tó wà lára rẹ̀ kúrò, wọ́n lọ sí ìsọ̀ Benjamin, ara sì tù ú. Nítorí ìtura yẹn, kò pe ọ̀rọ̀ náà padà. Kó tó di ọ̀sán, àwọn ènìyàn ti ń sọ ọ́ bí ohun tí wọ́n fi ojú ara wọn rí.

Ní yáàdì náà, bí ẹ̀sùn bá ta kókó, irin ni wọ́n fi ń tú u. Wọ́n á gbé sípánà kan lé orí táyà, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn á gbé e kan ẹnu, á sì búra. Mùsùlùmí ń ṣe é, Kìrìsìtẹ́nì ń ṣe é, wọ́n ní irin ló ń bọ́ àwọn, irin ò sì ní jẹ́ kí àwọn parọ́. Alága Habeeb dá Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ó ní gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan mọ́tò nọ́ọ̀sì ni yóò gbé irin kan ẹnu.

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí agogo méjì lù, tí àwọn yòókù lọ jẹun, Oyèníran tún ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò náà. Ó tan iná iwájú rẹ̀, iná náà ń ṣe bàìbàì, inú rẹ̀ sì dùn pé àrùn náà ti fara hàn níwájú òun nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín. Bó ti tẹ̀ síwájú láti wò ó, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kan wáyà dúdú. Iná mọ́lẹ̀ yòò. Ó gbé apá kúrò, iná padà di bàìbàì. Ó tú bọ́ọ̀tì náà. Ọ̀dà eérú wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n kùn ún, ìpẹtà yí i ká. Ó rántí òjò tó ṣú, ó rántí ẹ̀bùn Débọ̀, ó sì rántí ohun tí Benjamin sọ.

Ó sọ fún àwọn tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀ pé òun ò ní parọ́ mọ́ èṣù, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó mú sáńpépà, ó ha ojú ibẹ̀ títí irin fi funfun, ó dè é padà, ó wá fi ìka kó epo dúdú, ó fi pa á kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pé ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ibẹ̀ ni. Ó ká sáńpépà náà sínú bàtà rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ lọ sí ìpàdé. Ó kù wákàtí méjì. Ó lè fi wákàtí méjì yẹn gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ là. Ó fi wẹ ọwọ́ ni.

Òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó gbé sípánà kan ẹnu, ó ní bí òun bá pààrọ̀ bátìrì nọ́ọ̀sì, kí irin pa òun. Ọ̀rọ̀ náà kò ní irọ́ kankan nínú, síbẹ̀ kò tíì parọ́ tó tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó kan Benjamin. Benjamin dúró, ó wo irin náà pẹ́, ó sì kọ̀ láti gbé e. Ó ní, "Bàbá mi kọ́ mi pé ẹni tó bá ń sọ òtítọ́ kò nílò irin. Mi ò pààrọ̀ bátìrì." Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kó ṣe é kí ọ̀rọ̀ parí, kò gbà. Habeeb bi í pé bí kì í bá ṣe bátìrì, kí ló rò pé ó ń ṣe mọ́tò náà, nígbà tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe to wáyà rẹ̀. Benjamin wo Oyèníran fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní òun ò lè fi ohun tí òun ò fi ojú rí kan ẹnikẹ́ni. Oyèníran ń wo bàtà ara rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ní kí Benjamin kó ẹrù rẹ̀ jáde ní yáàdì.

Láti ọjọ́ náà, mọ́tò Moyọ̀sọ́lá kò kú mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí ayé ti rí. Wọ́n ní ṣé àwọn ò wí, olè lọ, mọ́tò gbádùn. Ohun tí Oyèníran fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe ni wọ́n mú bí ẹ̀rí lòdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Benjamin lọ gbé àga kalẹ̀ sẹ́bàá títì ní Iganmu, ṣùgbọ́n ìròyìn ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé bátìrì wá á dúró tì í, á máa ṣọ́ ọ. Jọmílójú, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, di ẹni tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń pè ní ọmọ onípààrọ̀. Edith, ìyàwó Benjamin, kò lọ sí ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Nígbà tí Oyèníran sọ̀rọ̀ dé ibẹ̀, ó mu omi. Ó ní gbogbo èyí tí òun ti sọ kọ́ ló burú jù. Ó ní ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Benjamin wá bá òun nílé. Ó ti rù, kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ti fẹ̀ jù fún ọrùn rẹ̀. Kò bá ìjà wá. Ó jókòó, ó béèrè àlàáfíà ilé, lẹ́yìn náà ó ní, "Níran, mi ò wá bẹ̀ ọ́ pé kí n padà sí yáàdì. Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀ kí n lè máa sùn. Ṣé kì í ṣe ẹ́ẹ̀tì yẹn ló ṣe mọ́tò nọ́ọ̀sì?"

Oyèníran dá a lóhùn pé, "Mo ha á, Ben. Lẹ́yìn tí o lọ lọ́jọ́ tí o sọ fún mi yẹn, mo tú u, mo sì ha á."

Benjamin tẹ orí ba. Ó ní, "Á jẹ́ pé ọwọ́ mi ni nígbà náà. Á jẹ́ pé èmi ni mi ò fi iná sí i dáadáa." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ òótọ́ fún òun, ó béèrè Débọ̀, ó sì lọ. Láti ìgbà náà, kò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Á yẹ bátìrì kan wò lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀márùn-ún, títí sùúrù yóò fi tán lára ìwọ̀nba oníbàárà tó kù fún un. Ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Oyèníran kò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. "Ní yáàdì, orúkọ rẹ̀ ni mo gbà," ló wí. "Nílé mi, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo gbà. Kò sí ohun kan tí mo jẹ́ kó ṣẹ́ kù fún un."

Alága Habeeb, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ń fi aṣọ nu ojú léraléra. Òun ló lé Benjamin, ó sì hàn pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́ wúwo ju ohun tó lè gbé lọ. Ó wá ní bóyá àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu Bàbá, pé báwo ni àwọn yóò ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó ní kí wọ́n gbé irin wá. Wọ́n gbé sípánà wá, wọ́n gbé e lé orí táyà bí ti ọjọ́sí. Oyèníran na ọwọ́ sí i.

Jọmílójú dìde. Láti ìgbà tó ti ti Yaba dé, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, kò tíì sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ fi irin yẹn sílẹ̀. Ẹnu lásán ni dádì mi fi sọ tiwọn. Ẹ̀yin náà, ẹ fi ẹnu lásán sọ ọ́." Oyèníran gbé ọwọ́ kúrò lórí irin. Ó fi ẹnu lásán tún un sọ pé òun ni, pé Benjamin kò mú ohunkóhun. Ó wá yíjú sí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn. Ó ní bí wọn ò bá mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò, kí wọ́n sọ pé àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ojú á tì wọ́n fún ìṣẹ́jú kan, á sì tán. Ó ní ìṣẹ́jú kan yẹn ni òun sá fún, òun sì fi ọdún mẹ́sàn-án san án.

Jọmílójú tẹ nọ́ńbà ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ṣí ohùn fóònù sókè, ó gbé e fún Oyèníran. Oyèníran ní, "Ìyá Jọmí, ẹ́ẹ̀tì ni. Èmi ni mo dè é sórí ọ̀dà, mi ò ha á. Mo parọ́ fún ọkọ yín."

Wọ́n ń gbọ́ adìẹ níbi tí Edith wà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le. Ó ní, "Bàbá Débọ̀, ọjọ́ tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ yín dé ni mo ti sọ fún wọn pé irọ́ lẹ pa. Wọ́n bínú sí mi. Wọ́n ní Níran ò lè parọ́ fún àwọn láé. Ìjà kan ṣoṣo tí èmi àti ọkọ mi jà tí a ò parí kí wọ́n tó kú nìyẹn."

Oyèníran gbé fóònù sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ tì í lórí ilẹ̀ tí epo ti rin, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun tó wọ̀ wá. Ó ń bẹ Edith, ó ń bẹ òkú. Alága Habeeb ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Jọmílójú gbé fóònù, ó nu iyanrìn ara rẹ̀, ó gbé e sétí, ó sì tẹ́tí sí ìyá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí Oyèníran lè gbọ́ ọ.

"Màámi ní kí ẹ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ wá sọ ọ́ fún dádì mi fúnra yín lójú oórì wọn. Wọ́n ní ní ti ìdáríjì, àwọn ò tíì mọ̀."

Ní ọjọ́ Sátidé, Débọ̀ gbé bàbá rẹ̀ lọ síbẹ̀.